Ọmọ Tó Ń Bá Ìyá Rẹ̀ Rìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Eéyi àti Àjẹsára

   Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa ta ọjà yín lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń rìn la mú wá lónìí. Kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ ta-ta-ta nílẹ̀ o. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n lọ sí ọjà ìlú mìíràn là ń sọ. Ọmọ tí wọ́n mú lọ sí oko nígbà òjò, tí kò padà wálé àfi ìgbà tí wọ́n kórè tán. Ọmọ Fúlàní tí àwọn òbí rẹ̀ ń da màlúù. Ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní òdìkejì ààlà. Irú wọn pọ̀ láàárín wa. Àwọn sì ni àrùn eéyi tètè máa ń rí mú, nítorí pé àwọn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń fò kọjá.

Kí a tó sọ̀rọ̀ àrùn, ẹ jẹ́ ká wo ara wa ná. Ní ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, tí wọ́n fa ìlà sórí ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìlà kò dí ọ̀nà ọjà. Títí dòní, ẹni tó jí ní Kétu lè ná ọjà ní apá Nàìjíríà kó sì sun ilé ara rẹ̀ lálẹ́. Ará Àjàṣẹ́ ń gba Ìgólò kọjá sí Ìdí-Ìrókò. Àwọn ará Sábẹ̀ẹ́ ń gbé ọjà lọ sókè, dé Parakou, dé ilẹ̀ Niger. Àwọn ọmọ wa wà ní Abidjan, wọ́n wà ní Lomé. Bí àwa ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ làwọn ẹlòmíràn ń wá. Ẹ dúró láàárín ọjà kan ṣoṣo kí ẹ tẹ́tí: ẹ ó gbọ́ Yorùbá, ẹ ó gbọ́ Ẹ̀gùn, Fọ̀n, Mahi, Bàrùbá, Hausa àti Fúlàní. Àlejò ni gbogbo wa níbì kan. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, a ó tún padà sí i.

Kí ni eéyi?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ ọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì wa ń pè é ní rougeole lédè Faransé. Bí ẹ bá dé apá Nàìjíríà, measles ni wọ́n ń pè é. Ara ọmọ á kọ́kọ́ gbóná. Imú á máa ṣomi, ojú á pọ́n, ọmọ á máa wúkọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nǹkan pupa wínníwínní á bẹ̀rẹ̀ sí yọ, láti iwájú orí àti ẹ̀yìn etí, á sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn, àyà, ikùn, títí dé ẹsẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri. Bí ọmọ tó ní i bá wúkọ́ tàbí tó sín nínú yàrá kan, kòkòrò àrùn náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn fún wákàtí 2 lẹ́yìn tí ọmọ náà ti kúrò níbẹ̀. Ẹ wá ro inú mọ́tò tí wọ́n ń kì wá sí bí ẹja nínú agbọ̀n, tí a ti fèrèsé nítorí eruku. Ẹ ro abẹ́ búkà tí òjò lé gbogbo èèyàn wọ̀. Láàárín àwọn tí kò gba àjẹsára, ẹnì kan ṣoṣo lè kó eéyi ran ẹni 12 sí 18. Nínú gbogbo àrùn tó ń ranni, díẹ̀ ló lè bá a sáré.

Ohun tó tún burú ni pé ó ń ranni kí á tó mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá kó o, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ 2 kí nǹkan pupa yẹn tó yọ lára rẹ̀. Ọjọ́ 4 ṣáájú kó tó yọ, ọmọ náà ti ń kó o ran ẹlòmíràn, ẹ̀yin á sì rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ibo ni ọmọ aláròóbọ̀ kò lè dé? Ó lè kó o ní Lomé, kó tó yọ sí i lára ní Kétu.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣe eéyi kó tó dàgbà. Lóòótọ́, àwọn kan ṣe é, ó sì lọ. Àwọn kan ṣe é, ó di òtútù àyà. Ẹlòmíràn á máa yàgbẹ́ gbuuru títí omi ara rẹ̀ á fi tán. Etí ẹlòmíràn á máa tú, kò sì ní gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó ń fọ́ ọmọ lójú, pàápàá ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára tó. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àwọn tí eéyi pa káàkiri ayé ju 100,000 lọ. Púpọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, tí wọn kò gba abẹ́rẹ́, tàbí tí wọn kò gbà á pé. Èyí tó yè pàápàá, agbára ara rẹ̀ á dínkù fún oṣù púpọ̀, tó fi jẹ́ pé àìsàn mìíràn á rọrùn láti mú un.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ tó ń rìn ló ń jìyà rẹ̀ jù?

Ìdí àkọ́kọ́ ni ọjọ́. Nọ́ọ̀sì á sọ pé, "Ẹ mú u padà wá ní ọjọ́ báyìí." Ọjọ́ náà á bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ìyá á ní, "N ó lọ lọ́la." Lọ́la, mọ́tò ti gbé e lọ. Kì í ṣe pé ìyá náà kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ọjà ló fi ń bọ́ ọmọ náà.

Ìdí kejì wà nínú ìgò abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ eéyi máa ń wà nínú ìgò kékeré tó tó fún ọmọ 10. Ìyẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni nọ́ọ̀sì á po omi rẹ̀ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ; ohun tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á dà á nù. Nítorí èyí, bí ìyá kan bá dá wá, ó lè gbọ́ pé kó dúró, tàbí kó padà wá lọ́jọ́ tí ọmọ á pọ̀. Ìyá tó ń gbé ìlú lè padà wá. Ìyá tó ń kọjá lọ kò ní padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ àwọn nọ́ọ̀sì wa náà pé, bí ìyá tó ń rìnrìn-àjò bá dé, kí wọ́n ṣí ìgò náà, ìbáà ṣe ọmọ kan ṣoṣo. Oògùn tí a dà nù ṣì sàn ju ọmọ tí a pàdánù lọ.

Ìdí kẹta ni èdè àti ìbẹ̀rù. Onígọ́ngọ́ ti kéde ní Yorùbá, ó ti kéde ní Fọ̀n. Fúlàní tó wà ní ibùdó màlúù kò gbọ́ gọ́ńgọ́, bó bá sì gbọ́ ọ, kò mọ ohun tó ń wí. Ẹlòmíràn gbọ́, àmọ́ ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á béèrè ìwé ìlú, pé wọ́n á gbowó, pé wọ́n á bú òun nítorí ọmọ òun dọ̀tí. Ojú mélòó ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi wo nọ́ọ̀sì? Á kúkú jókòó sílé.

Ẹ má wí pé Fúlàní ló gbé e wá

Bí eéyi bá bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ lọ́jà ni pé, "Àwọn Fúlàní ló gbé e wá," tàbí "Àwọn tó ti òkè wá ló gbé e wá." Àwọn tí a ń bá wí náà, níbi tí wọ́n wà, wọ́n ń wí pé àwa ni. Àrùn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìlú bàbá rẹ̀. Ara tí kò ní àjẹsára ló ń wá kiri. Bí a bá lé oníwàrà kúrò lọ́jà, ọmọ rẹ̀ á ṣì wà láìgba abẹ́rẹ́, tiwa tí kò gbà á náà á ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní kí eéyi tó lè ṣíwọ́ ní àdúgbò kan, ó kéré tán, ọmọ 95 nínú 100 gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ pé. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí a bá gba ti gbogbo ọmọ ìlú, tí a fi ọmọ àwọn àlejò sílẹ̀, a kò dé 95. Ọmọ oṣù 5 tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn, tí kò tíì tó ọjọ́ orí tí wọ́n ń gún un, kò ní ààbò mìíràn ju pé kí àwọn ọmọ tó yí i ká ti gbà á. Nígbà náà, abẹ́rẹ́ ọmọ oníwàrà, ọmọ tiyín náà ló ń ṣe láǹfààní.

Àwọn ìyá wa àgbà lè jẹ́rìí sí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹ wo apá àwọn tó ti lé dáadáa ní ọdún 60. Ẹ ó rí àpá róbótó kan níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn. Àpá abẹ́rẹ́ olóde ni, ẹni tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án. Ní ọdún 1967, orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan náà pọ̀, láti lé olóde lọ àti láti gún abẹ́rẹ́ eéyi. Dahomey wà níbẹ̀, bí a ti ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà yẹn. Tógò wà níbẹ̀, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Àwọn agúnbẹ́rẹ́ kò jókòó dè wá nílé ìwòsàn. Wọ́n lọ sí ọjà, wọ́n lọ sí abúlé, ibi tí èèyàn bá ti pé jọ ni wọ́n ń lọ. Wọn kò bèèrè pé, "Ìwọ, ọmọ ibo ni ọ́?" Oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni tí olóde mú kẹ́yìn ní gbogbo agbègbè wa yìí, ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.

Eéyi ńkọ́? Ó rọlẹ̀ nígbà yẹn, lẹ́yìn náà ó padà wá. Ìdí ni pé lọ́dọọdún ni a ń bí ọmọ tuntun, ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan ló sì nílò abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. A kò gbọdọ̀ sinmi lórí rẹ̀.

Ìwé tí kò gbọdọ̀ ya ọmọ

Ẹ mọ ìwé kékeré tí wọ́n ń fún ìyá nílé ìwòsàn, èyí tí a ń pè ní kaanẹ́, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní káàdì. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fi pamọ́ sínú àpótí, sábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó, kí eku má bàa jẹ ẹ́. Ó dára bí ẹ bá wà nílé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń lọ, kí kaanẹ́ bá a lọ. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ fi sínú àpò tí ẹ ń kó owó sí, nítorí ẹ kì í gbàgbé àpò owó. Ẹni tó ní fóònù tó ń ya àwòrán, kó ya ojú ìwé tí wọ́n kọ àjẹsára sí, kó sì fi ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ tàbí ìyá àgbà. Bí ẹ bá fi ọmọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Kútọnu, ẹ má fi aṣọ nìkan ránṣẹ́, ẹ fi kaanẹ́ sí i.

Ohun tó mú kí ìwé yìí wúlò kọjá ààlà ni pé àwọn ọjọ́ pàtàkì inú rẹ̀ bára mu ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò àti ní Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún ọmọ ní kété tí a bá bí i. Òmíràn wà ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Nígbà tó bá pé oṣù 9, wọ́n á gún ti eéyi àkọ́kọ́, pẹ̀lú ti ibà pọ́njú. Nígbà tó bá pé oṣù 15, wọ́n á gún ti eéyi kejì. Nítorí náà, èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Kétu, ẹ lè parí rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì Sábẹ̀ẹ́ lè ka ọjọ́ ara rẹ̀, kó sì máa bá a lọ. Ọ̀fẹ́ ni àjẹsára ọmọ wẹ́wẹ́ nínú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má fojú di abẹ́rẹ́ oṣù 15 yẹn. Òun ni ọ̀pọ̀ ìyá ń gbàgbé, torí ọmọ ti ń rìn, ó ti ń jẹ oúnjẹ ilé, kò sì sí ohun tó ń gbé wa lọ sílé ìwòsàn mọ́. Nínú ọmọ 100 tó bá gba ti oṣù 9, nǹkan bí 85 ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ eéyi. Ti oṣù 15 ló ń kó àwọn tó kù mọ́ra.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ̀yin ìyá máa ń bi wá

"Mo ti pẹ́ jù, ọmọ mi ti lé ní ọdún 2. Ṣé wọn ò ní lé mi?" Ẹ lọ. Ó ṣì lè gbà á. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ọjọ́ kan di ẹkún.

"Ó gba èyí tó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ 6, kò gba ti ọ̀sẹ̀ 10. Ṣé wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí èkínní ni?" Rárá o. Ibi tí ẹ dúró sí ni wọ́n á ti máa bá a lọ. Èyí tó ti wọ ara kò sọnù.

"Kaanẹ́ mi ti sọnù." Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti gbà á, bí ó bá ṣeé ṣe, torí wọ́n máa ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ńlá tiwọn. Bí ibẹ̀ bá jìnnà, ẹ lọ sí èyí tó wà nítòsí, kí ẹ sì sọ òtítọ́. Bí kò bá sí ohun tó fi hàn pé ọmọ ti gba ti eéyi, wọ́n lè gún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò ní pa á lára.

"Ọ̀fìnkìn ń ṣe é, ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́." Èyí kò ní kí ó má gba abẹ́rẹ́. Ẹ gbé e lọ, kí nọ́ọ̀sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹ ó wà nílùú.

"Tó bá gún un tán, ara rẹ̀ gbóná." Ó lè gbóná fún ọjọ́ kan sí méjì, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú nǹkan pupa díẹ̀. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ fún un lọ́mú, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Bí eéyi bá ti mú ọmọ ńkọ́?

Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò eéyi gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ọmọ nínú rẹ̀ ṣeé dá dúró. Wọ́n á fún un ní fítámì A, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ kejì. Fítámì yìí ń gba ojú ọmọ là, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ó jọ ti inú kóró búlúù tàbí pupa tí wọ́n máa ń gé ẹnu rẹ̀ kán sí ọmọ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń wọlé dé ilé.

Ẹ fún un lómi. Àwọn kan gbà pé omi àti ẹran kò yẹ fún ọmọ eéyi. Omi ni ara rẹ̀ ń gbẹ, ẹ má fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ẹ fún un lọ́mú bí ó bá ṣì ń mu ọmú. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ tó rọ̀, ẹyin, ẹja, máńgòrò, díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà tí ilé ìwòsàn ń fúnni.

Ẹ dákun, ẹ má kán ohunkóhun sí i lójú. Ẹ má kán omi ewé, ẹ má kán ìtọ̀, ẹ má tú oògùn onígóró tí ẹ rà lórí àtẹ dà sí i. Ojú eéyi ti ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́ ọ pátápátá. Omi tó mọ́ àti aṣọ tó mọ́ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi oògùn ojú sí i.

Bí ẹ bá rí i pé ó ń mí gùlegùle, pé kò lè mu nǹkan, pé gìrì mú un, pé ó ń sùn tí kò fẹ́ jí, tàbí pé ẹyin ojú rẹ̀ ń di funfun, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gun zemijan, ẹ máa lọ. Títí ọjọ́ 4 fi kọjá lẹ́yìn tí nǹkan pupa yọ, kí ọmọ náà má wọ mọ́tò ọjà, kó má sì bá àwọn ọmọ mìíràn ṣeré. Ẹni tó ń lọ sí ìrìn-àjò, kó sún un síwájú.

Iṣẹ́ ìyá ọlọ́jà

Nọ́ọ̀sì kò mọ gbogbo àlejò tó wọ̀lú. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ ń ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní, ẹ̀yin lẹ ń ta ata fún ìyàwó àgbàṣe tó ti òkè wá. Ẹ ti ń bá wọn dúnàádúrà, ẹ ti gbọ́ díẹ̀ nínú èdè ara yín. Kò gba ẹnu púpọ̀:

"Ìyá oníwàrà, ẹ kú ọjà o. Ọmọ yín mà ti dàgbà. Ó ti gba abẹ́rẹ́?"

"Kò tíì gbà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Ẹ má bẹ̀rù o, wọn ò ní gbowó yín. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ gbé e wá, èmi náà ń gbé tèmi lọ. A ó jọ lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "A ó jọ lọ," lágbára ju gọ́ńgọ́ lọ. Ẹ ó ṣe ògbufọ̀ fún un lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá sì kó ara yín jọ bí ìyá 8 sí 10, ẹ rántí ìgò ọmọ 10 yẹn: wọn kò ní ní ìdí láti dá yín padà, oògùn kò sì ní ṣòfò.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ìmọ̀ràn tiyín rèé. Ẹ rán ènìyàn sí ọ̀gá ilé ìwòsàn àdúgbò yín. Ẹ bi í pé, ṣé àwọn agúnbẹ́rẹ́ lè wá sí ọjà wa lọ́jọ́ ọjà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù? Ẹ fún wọn ní búkà kan tó ní ibòji àti àga méjì. Ẹ sọ ọ́ ní èdè tí gbogbo ọjà ń sọ. Ẹni tó gbọ́ Fúlàní kó sọ ọ́ ní Fúlàní, ẹni tó gbọ́ Hausa kó sọ ọ́ ní Hausa. Àwọn agúnbẹ́rẹ́ ọdún 1967 wá bá àwọn ìyá wa ní ọjà. Kò sí ohun tó sọ pé a kò lè rí irú rẹ̀ lónìí, bí a bá béèrè.

Ẹ̀yin ìyá wa, kí ẹ tó palẹ̀ ọjà mọ́ lónìí, ẹ ṣe ohun méjì fún wa. Bí ẹ bá délé, ẹ wá kaanẹ́ ọmọ yín jáde, ẹ wò ó bóyá abẹ́rẹ́ oṣù 9 àti ti oṣù 15 wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé ka, kí ọmọ ilé ìwé inú ilé kà á fún un. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ bi ìyá àlejò kan ṣoṣo léèrè tirẹ̀. Bí ẹ bá wà ní ìlú ẹlòmíràn, ibi tí ẹ̀yin ti jẹ́ àlejò, inú yín á dùn bí obìnrin kan tí ẹ kò mọ̀ bá yíjú sí yín pé, "Ìyá, ọmọ yín ti gba abẹ́rẹ́? Ẹ wá, a ó jọ lọ."

 Àwọn ọmọ wa á yè, wọ́n á dàgbà, a ò ní fi ọwọ́ wa sin wọ́n.